Ohun tí Àwòrán X-ray Kò Kọ Sílẹ̀

Ní ìparí ọdún tó kọjá, àbúrò ìyá mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Gbólóhùn kan péré ni: “Oko egbon re ti de.” Wọn kò fi àmì ohùn kankan sí i, wọn kò sì fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi bọ̀ lójú ìwé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn kì í tán lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà n kò ráhùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tíì ní ọkọ. Mo sì mọ̀ pé ó ti tó oṣù méjì tí ó ti sanwó ọkọ̀ kan tí a ń retí láti Kútọnu. Nítorí náà, mo kà á sí “Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ti dé,” mo sì fèsì pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá wa yẹ táyà rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé.

Mo ń fi ìtàn yìí sílẹ̀ ná, n óò padà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí ni ti àwọn onímọ̀ físíìsì tí wọ́n ń fi ìtànṣán X-ray yẹ ojú kírísítálì wò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín yóò béèrè ohun tí ó kan ẹni tí ó ka Yorùbá jáde ní yunifásítì nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà bi ara mi. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kà nípa iṣẹ́ wọn ni mo ń rí i pé ìṣòro tí wọ́n ti ń bá jà láti ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó jókòó ti gbólóhùn Yorùbá tí kò lámì. Ohun kan wà tí ẹ̀rọ wọn ń gbà, ohun mìíràn sì wà tí ó ń jẹ́ kí ó bọ́ sọnù. Èyí tí ó ń sọnù ni ó sì ṣe pàtàkì jù.

Kírísítálì kì í ṣe àjèjì nínú ilé wa. Ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ gbé e sínú oòrùn: ẹ óò rí i pé àwọn hóró rẹ̀ ní igun bí àpótí kéékèèké. Ìtò àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ni ó fa èyí, nítorí pé bí wọ́n ṣe tò ní ìhín ni wọ́n ṣe tò ní ọ̀hún. Nínú wúrà àti òjé, ìtò náà bá ti ọsàn orí àtẹ mu gẹ́lẹ́. Ìyá ọlọ́sàn a tẹ́ ìpele àkọ́kọ́, a sì gbé ti èkejì lé kòtò àárín wọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí òkìtì náà yóò fi ga. Ọsàn tí ó wà nínú òkìtì ń fara kan méjìlá mìíràn. Èyí tí ó wà lójú òde kò ní alábàágbé tó bẹ́ẹ̀, òun sì ni ọwọ́ oníbàárà ń tẹ̀, òun ni oòrùn ń pa, òun ni ó kọ́kọ́ ń yí bọ́ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú kírísítálì. Láti ojú ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lójú pílátínọ́ọ̀mù tí ó wà nínú ẹ̀rọ ìdí èéfín ọkọ̀ ni gáàsì olóró ti ń yí padà di èyí tí oró rẹ̀ dín kù. Ojú náà ni átọ́ọ̀mù tuntun ń balẹ̀ sí nígbà tí kírísítálì bá ń dàgbà nílé iṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ inú kírísítálì láìmọ ojú rẹ̀ dà bí ẹni tí ó mọ gbogbo iyàrá ilé láìmọ ẹnu-ọ̀nà.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé átọ́ọ̀mù kéré ju ohun tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ lè fi hàn. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní nánómítà. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí gùn tó nánómítà 400 sí 700. Àárín átọ́ọ̀mù kan sí èkejì nínú wúrà kò pé ìdámẹ́ta nánómítà kan. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó fi tàkúté erin dẹ èèrà. Ìgbì X-ray ni ó kéré tó láti bá átọ́ọ̀mù dọ́gba.

Wilhelm Röntgen ni ó kọ́kọ́ kíyè sí ìtànṣán yìí ní ìlú Würzburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1895. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, tòun ti òrùka ní ìka. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń yà fún wa ní ilé ìwòsàn: eegun a dí ìtànṣán lọ́nà, ẹran ara a jẹ́ kí ó kọjá, òjìji ni a sì ń wò. Ní ọdún 1912, ní ìlú Munich, Max von Laue dá àbá mìíràn. Ó ní bí X-ray bá jẹ́ ìgbì, tí átọ́ọ̀mù inú kírísítálì sì tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà ní òwúrọ̀, ó yẹ kí ìgbì náà fọ́n ká létòlétò. Walter Friedrich àti Paul Knipping dán an wò, àwọn àmì sì yọ lóòótọ́. Lawrence Bragg àti baba rẹ̀, William, ni wọ́n fi hàn bí a ṣe lè ti ara àwọn àmì bẹ́ẹ̀ mọ ìtò átọ́ọ̀mù. Iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kà. Ọmọ ọdún 25 ni Lawrence nígbà tí òun àti baba rẹ̀ jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1915. (Mo ti fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ báyìí, n kò tíì gba nǹkan kan.)

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wá di tèmi. Ìgbì kọ̀ọ̀kan tí ó dé orí ẹ̀rọ ní ohun méjì: agbára rẹ̀, àti ipò rẹ̀, ìyẹn ni pé, ṣé ó wà lókè ni tàbí ó wà nísàlẹ̀ nígbà tí ó gúnlẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń gba X-ray lè ka agbára. Kò lè ka ipò, nítorí pé ìgbì náà yára ju ohun tí ẹ̀rọ lè bá dé lọ. Ó kọ lẹ́tà, ó fi àmì ohùn sílẹ̀. Ẹ wo “igba.” Ó lè jẹ́ igba tí a ń kà lówó, ó lè jẹ́ igbá tí a fi ń bu omi, ó lè jẹ́ ìgbà tí ń lọ tí ń bọ̀, ó sì lè jẹ́ igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ti fi hàn pé bí a bá mú agbára ìgbì láti inú àwòrán ojú ẹnì kan, tí a sì so ó mọ́ ipò ìgbì láti inú àwòrán ojú ẹlòmíràn, ojú ẹni tí ó ni ipò ni yóò yọ sí wa, kì í ṣe ti ẹni tí ó ni agbára.

Nínú kírísítálì tí ó tò láìlábàwọ́n, ọgbọ́n kan àti òmíràn wà láti yí ìṣòro náà po, nítorí pé ohun kan náà ni ó ń tún ara rẹ̀ wí níbẹ̀ láìmọye ìgbà. Ojú kírísítálì kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ní àkàsọ̀, ó ní kòtò, ó ní erékùṣù kéékèèké tí kò bá ara wọn mu. Ìròyìn rẹ̀ kò kúkú sọnù pátápátá. Ní ọdún 1986, Ian Robinson fi hàn pé níbi tí a bá ti gé kírísítálì, àwọn àmì tí X-ray ń ṣe a máa yọ ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó nà tààrà kúrò lára ojú náà. Bí ojú bá ṣe rí gbágungbàgun tó ni ìrù náà ṣe ń ṣá tó. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìtànṣán lásán, ìpíndọ́gba ni ìrù yìí ń sọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ẹ ròyìn àwọn ọmọ ilé kan, tí ẹ ní mẹ́rin ni wọ́n, tí ẹ kò sì dárúkọ ẹnì kankan.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni ìtànṣán tí ẹsẹ̀ ìgbì rẹ̀ dọ́gba. X-ray inú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn dà bí ariwo ọjà: ohùn pọ̀, kò sí èyí tí ó bá èkejì rìn. Ìtànṣán tí mò ń wí yìí dà bí ẹgbẹ́ onídùndún tí ìyáàlù ń darí, tí gúdúgúdú kò ṣìlù, tí omele kò sì ṣáájú ẹnikẹ́ni. Ẹ lè rí irú rẹ̀ nílé. Ẹ tan iná lésà kékeré tí àwọn olùkọ́ fi ń tọ́ka sára ògiri, ẹ má tàn án sójú ẹnikẹ́ni o, kí ẹ sì wo ibi tí ó bà: ẹ óò rí i pé ìmọ́lẹ̀ náà kò mọ́lẹ̀ bákan náà káàkiri, àmì tó-tò-tó ni ó kún inú rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹtù. Ìgbì ni ó ń pàdé ìgbì níbẹ̀. Níbi tí òkè bá ti pàdé òkè, ìmọ́lẹ̀. Níbi tí òkè bá ti pàdé ìsàlẹ̀, òkùnkùn. Ìtò àwọn àmì wọ̀nyẹn kì í ṣe ti ògiri mìíràn, ti ògiri yẹn gan-an ni, pẹ̀lú gbogbo gbágungbàgun rẹ̀. Bí a bá wá fi irú X-ray bẹ́ẹ̀ lu ojú kírísítálì, àwọn àmì tó-tò-tó tí ó bá yọ yóò gbé orúkọ ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dání.

Báwo ni a ṣe wá ń dá àmì ohùn padà? David Sayre, ará Amẹ́ríkà kan tí ó tún wà lára àwọn tí ó ṣe èdè kọ̀ǹpútà FORTRAN ní IBM, kọ àkọsílẹ̀ kúkúrú kan ní ọdún 1952. Àbá rẹ̀ ni pé bí a bá lè ka agbára ìgbì fínnífínní, kì í ṣe lórí àmì ńláńlá nìkan, bí kò ṣe láàárín wọn pẹ̀lú, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ó sọnù fara pamọ́ sínú ohun tí ó kù. Ọdún 47 kọjá. Ní ọdún 1999, òun àti Jianwei Miao, Pambos Charalambous àti Janos Kirz gbé e jáde pé ó ti ṣeé ṣe, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Brookhaven ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fi dán an wò, nítorí pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà: lẹ́tà ni. Wọ́n to ẹyọ wúrà róbótó kéékèèké, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí nánómítà 100, wọ́n fi kọ lẹ́tà, wọ́n tan X-ray sí i, wọ́n gba àmì tó-tò-tó, kọ̀ǹpútà sì kà á padà di lẹ́tà.

Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà, èyí tí James Fienup tún ṣe kí ó dára sí i láti ọdún 1978, kò jìnnà sí ohun tí èmi ṣe pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́ àǹtí mi. Ohun méjì ni ó dá a lójú: agbára ìgbì tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, àti pé ohun tí à ń wò ní ààlà, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ààlà náà. Yóò kọ́kọ́ méfò àmì ohùn, àní èyíkéyìí. Yóò ya àwòrán tí ó bá ìméfò náà lọ, yóò rí i pé àwòrán ti ya kọjá ààlà, yóò sì pa èyí tí ó kọjá rẹ́. Yóò padà sídìí ìgbì, yóò rí i pé agbára rẹ̀ kò bá èyí tí ẹ̀rọ kọ mu mọ́, yóò dá ti ẹ̀rọ padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò di ipò tuntun náà mú. Yóò tún lọ, yóò tún bọ̀, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, títí apá méjèèjì yóò fi gbọ́ ara wọn yé. Bí Robinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí ìrísí àwọn kírísítálì wúrà bíńtín ní ọdún 2001 nìyẹn. Ní 2006, wọ́n wo inú kírísítálì òjé kan yíká, wọ́n sì rí ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lójú ìlà, ìyẹ̀ tí kò tó àárín átọ́ọ̀mù kan sí èkejì.

Iṣẹ́ tí ó fà mí mọ́ra jù ni ti ọdún 2019, ní Argonne, nítòsí Chicago. Gílóòbù LED tí ó ń tàn lókè orí mi bí mo ti ń kọ èyí ní kírísítálì tí wọ́n ń pè ní gallium nitride nínú. Iṣẹ́ tí Akasaki, Amano àti Nakamura ṣe lórí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ni ó gba Nobel fún wọn ní 2014. Ìpele lórí ìpele ni wọ́n lè gbà gbìn ín, nínú yàrá gbígbóná tí gáàsì kún. Àwọn átọ́ọ̀mù á balẹ̀, wọn á kó jọ di erékùṣù, erékùṣù á fẹ̀ títí yóò fi pàdé èkejì, ojú á tẹ́jú, ìpele mìíràn á bẹ̀rẹ̀. X-ray lè la gáàsì náà kọjá láìdá iṣẹ́ dúró. Guangxu Ju, Brian Stephenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tan ìtànṣán ẹlẹ́sẹ̀ dídọ́gba sójú kírísítálì náà nígbà tí ó ń dàgbà lọ́wọ́. Wọn kò tilẹ̀ wá àwòrán. Àwọn àmì tó-tò-tó ti àkókò kan ni wọ́n ń fi wé ti àkókò mìíràn. Ohun tí wọ́n rí nìyí: nígbà tí ìpele kan bá kún, tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀, ìtò àwọn àmì náà a tún máa jọ ti àtẹ̀yìnwá. Ìyẹn ni pé àwọn erékùṣù tuntun máa ń fẹ́ yọ níbi tí àwọn erékùṣù ìpele ìṣáájú ti yọ.

Mo dúró pẹ́ lórí èyí. Ojú ti kún, ó ti tẹ́jú. Ẹni tí ó bá ń wo ìpíndọ́gba yóò sọ pé kò sí ohun tí ó ṣẹ́ kù láti rántí. Ìtànṣán lásán kò lè rí i láé, nítorí pé iye erékùṣù nìkan ni ó ń mú bọ̀, kì í mú ibùjókòó wọn bọ̀.

Ti bátìrì náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2015, Andrew Ulvestad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n wo hóró kírísítálì kan ṣoṣo nínú bátìrì lithium nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọn kò tú u palẹ̀, wọ́n sì rí bí àbùkù inú ìtò átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe ń ṣípò. Èmi tí fóònù mi ń kú lójijì nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé ìdajì, mo ka èyí tìfẹ́tìfẹ́.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọgbọ́n yìí kì í ṣìnà. Bí ààlà tí a fún kọ̀ǹpútà bá há jù, tàbí tí kò bá ìrísí nǹkan náà mu, yóò ṣì fún wa lésì kan, èsì tí ó lè jọ òótọ́. Agbára ìgbì nìkan kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun kan àti ìbejì rẹ̀ tí a dojú rẹ̀ dé. Àmì kan náà ni àwọn méjèèjì ń fi sílẹ̀, nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà a sì lú wọn pọ̀ mọ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìméfò oríṣiríṣi, tí wọ́n sì ń wò bóyá gbogbo rẹ̀ yóò parí síbì kan náà.

Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò bá ọkọ̀ kankan lẹ́nu géètì. Ọkùnrin kan ni ó jókòó sí pálọ̀ nínú agbádá ẹtù, tí àǹtí mi ń gbé àmàlà síwájú rẹ̀. Ààlà tí mo fà, pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní ọkọ, ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Èmi nìkan ni wọn kò tíì sọ fún. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sì béèrè, pẹ̀lú ẹ̀rín, ìdí tí mo fi ní kí wọ́n yẹ táyà òun wò.

Irú ìtànṣán tí mò ń ròyìn rẹ̀ yìí kì í ti inú ẹ̀rọ kékeré jáde. Òrùka ńlá ni wọ́n ń kọ́, tí ẹ́lẹ́kítírọ́nù ń sáré yí ká nínú rẹ̀, tí ìyára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì a máa tẹ ọ̀nà wọn, wọn a sì máa tu X-ray jáde. Àyíká ti Argonne, tí ń jẹ́ Advanced Photon Source, lé ní kìlómítà kan. Ní 2023 wọ́n pa á, wọ́n tú inú rẹ̀, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ìtànṣán rẹ̀ lè mọ́lẹ̀ tó ìlọ́po 500. Ó tún tàn ní 2024. Ti Grenoble ní Faransé ti ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó ṣí padà ní 2020. Brazil ní tirẹ̀, Sirius, ní ìlú Campinas, ibùdó ìwádìí kan sì wà níbẹ̀ fún ìtànṣán ẹlẹ́sẹ̀ dídọ́gba gan-an tí wọ́n sọ ní Cateretê, orúkọ tí ijó ìbílẹ̀ wọn kan náà ń jẹ́. Ní Jọ́dánì, SESAME ṣí ní 2017, Íjíbítì sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ni ín. Lórí ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀, kò tíì sí ọ̀kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn pàdé ní Grenoble lórí ètò tí wọ́n pè ní African Light Source. Ní báyìí ná, onímọ̀ tí ó bá ń gbé ìhà ibí ní láti kọ̀wé béèrè àyè lókè òkun. Wọn kì í gba owó ìtànṣán lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbé àbájáde rẹ̀ jáde fún aráyé, ṣùgbọ́n físà kì í ṣe ọ̀fẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ọjọ́ ìdána ẹ̀gbọ́n mi ti ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ní àná, àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn dé láti ọ̀dọ̀ àǹtí mi: “Ma gbagbe igba o.” Igbá ìyàwó ni, àbí ìgbà tí a fi àdéhùn sí, àbí ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà tí wọ́n ní kí n dá? Mo ti ń pè wọ́n láti àárọ̀, wọn kò tíì gbé e.